Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Màámi Fi Wà Ní Èkó

"Mùsí! Pa ẹ̀rọ yẹn jàre! Wọ́n mú lẹ́tà wá fún ọ láti Ìṣẹ́yìn!"

Ohùn Àǹtí Mojí ló borí ariwo ẹ̀rọ ata. Mo pa ẹ̀rọ. Mo fi ọwọ́ tó kún fún ata gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú un wá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé, mo fi ọwọ́ yẹn kan náà nu òógùn ojú mi. Yéè! Ata wọ̀ mí lójú, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Àwọn oníbàárà tó tò síwájú ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín.

"Kò tíì ka lẹ́tà, ó ti ń sunkún!" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọdún 1987 ni mò ń sọ yìí, nínú oṣù kọkànlá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti dé Okokomaiko. Bàámi, Bùràímọ̀, tó ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, ló fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí Mojí, pé kí n wá ka ìwé girama ní Èkó. Láti ọjọ́ náà n kò fojú kan ìyá mi mọ́. Bí ìsinmi bá dé, ìgbà náà ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ata ń pọ̀ jù, owó mọ́tò sì ń wọ́n sí i. Lẹ́tà nìkan ni a fi ń rí ara wa. Ẹ ò lè mọ bí àárò ìyá ṣe máa ń sọ ọmọ, àfi tó bá ti sọ ẹ̀yin náà rí. Bí mo bá rí obìnrin tó ga díẹ̀ tó wọ ìró aláwọ̀ aró lójú títì, mo ti fẹ́ sáré tẹ̀ lé e.

Mo fọ ọwọ́, mo já lẹ́tà. Bàámi ló sọ ọ́, àbúrò mi Wàhábì ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ahunṣọ ti yan àwọn pé kí àwọn wà lára àwọn tí yóò kó aṣọ wá sí Tíréèdì Féà, ọjà àgbáyé tí wọ́n máa ń ná lójú ọ̀nà Badagry, tí kò jìnnà sí wa. Ọjọ́rú ni wọ́n máa dé, Sátidé ni wọ́n máa padà. Màámi ní àwọn ò ní gbẹ́yìn. Wàhábì tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti Àjọkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá náà ń bọ̀, kí wọ́n lè fojú rí òkun. Ìlà tó kẹ́yìn nìyí: "Níwọ̀n ìgbà tí o ti ní yàrá tìrẹ, kí Mojí má ṣe wàhálà kankan. Ìyá rẹ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ ni òun máa sùn, ìbáà ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀."

Yàrá tìrẹ! Ara mi tutù wọ̀ọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. N kò ní yàrá kankan. Lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Ìṣẹ́yìn, Màámi sunkún títí, wọ́n ń bi Bàámi pé ta ni yóò máa bo aṣọ lé mi bí òtútù bá mú. Mo dé Èkó, mo fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀, mo kọ̀wé pé orí bẹ́ẹ̀dì onífóòmù ni mò ń sùn. Wọ́n fèsì pé inú Màámi dùn, wọ́n jó yí agbo ilé ká. Ó dùn mọ́ mi. Nínú lẹ́tà kejì, mo fi yàrá kún bẹ́ẹ̀dì. Nínú ẹ̀kẹta, mo fi ẹ̀rọ omi sínú ilé. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, mo ti kọ́ ilé alájà méjì fún Àǹtí Mojí lórí ìwé.

Yàrá kan ṣoṣo ni Àǹtí ní, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Àwọn àti ọkọ wọn àti ọmọ mẹ́ta ló ń sùn síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni èmi ń tẹ́ ẹní sí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Bí n kò bá tètè ká ẹní mi láàárọ̀, àwọn ayálégbé tó ń lọ wẹ̀ á máa dá mi kọjá. Wọn ò fìyà jẹ mí o. Ohun tí Àǹtí ní ni wọ́n fún mi. Àmọ́ ojú ń tì mí.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi wí?" ni Àǹtí bi mí, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Àǹtí ò mọ̀wé. Ohun tí mo bá kà sí wọn létí náà ni lẹ́tà wí.

Bí èṣù ṣe gba ahọ́n mi lò nìyẹn. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, Àǹtí, gbogbo wọn. Wọ́n ní... wọ́n ní hòtẹ́ẹ̀lì ni àwọn máa sùn. Kí n bá àwọn wá èyí tí kò wọ́n, tí mọ́tò rọrùn níbẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àǹtí. "Hòtẹ́ẹ̀lì? Bọ̀ọ̀dá mi? Èmi wà láàyè ní Okokomaiko, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọmú kan náà fẹ́ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì?"

Mo ká lẹ́tà náà, mo tì í sápò.

"Ṣé torí pé yàrá mi kéré ni? Kò burú." Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibi tí a ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nínú ìlú kan, ibẹ̀ ló ń wọ̀, bó bá tiẹ̀ ṣe pé ìdúró ni wọ́n máa sùn. Ẹni tó bá kọjá ilé àbúrò rẹ̀ lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, ìjà ló ń bá a jà. Ká tún wá sọ ti Bàámi tí kì í jẹ́ kí wákàtí ìrun kan kọjá! Lójú wọn, ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó ló ń jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Mo mọ èyí, torí náà mo tún fi irọ́ mìíràn gbe àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀. Mo kọ èsì pé onílé ń kun ilé wa, òórùn ọ̀dà pọ̀, Àǹtí ní kí n wá ilé àlejò tó mọ́ fún wọn. Mo fi lẹ́tà náà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Irọ́ wà lẹ́nu Àǹtí tí Àǹtí ò pa, ó wà lẹ́nu Bàámi tí Bàámi ò pa.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Bọ́lánlé jáde lọ wá ilé àlejò. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Bọ́lánlé, kíláàsì kan náà ni wá, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Èyí tí a kọ́kọ́ yà sí wà nítòsí ibùdókọ̀ Okoko. Ọ̀sán gangan ni, ìgò ọtí ti kún orí tábìlì, ọmọbìnrin kan tó ró ìró máyà ń fọ eyín lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta lẹ̀ ń wá?"

"A ṣìnà ni, mà," ni Bọ́lánlé wí, ó sì ti fà mí lọ́wọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀.

Èkejì wà ní Ìyànà-Ìba, ní ọ̀kánkán ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ìyá Ọmọ́táyọ̀ ló ni ín, opó ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Yàrá mẹ́rin ló ń fi àlejò sí, àwọn òbí tó bá wá wo ọmọ wọn ní yunifásítì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀ ilé náà ń dán. Kò sí ọtí, kò sí ariwo.

"Èèyàn mélòó?" ni wọ́n bi mí. "Ọmọkùnrin yẹn ti tó ọmọ ọdún mélòó? Mẹ́rìnlá? Áà, ó ti ń di géńdé, kò yẹ kó máa bá àbúrò rẹ̀ obìnrin sùn pọ̀. Màá fún wọn ní yàrá méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín, màá sì gba ìdajì owó lórí èkejì. Bàbá ń kírun? Kẹ́tù àlùwàlá wà. Bọ́ọ̀sì Tíréèdì Féà ń dúró níbí yìí láti ìdájí. Ìwọ ọmọ wọn ńkọ́? O lè wá sùn ti ìyá rẹ, n kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹní."

Ẹ gbọ́, ayọ̀ kún ọkàn mi. Mo rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi lálẹ́ mẹ́ta gbáko, tí wọ́n ń fi òrí pa mí lẹ́yìn bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà ọyẹ́. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

"Ó tán!" ni Bọ́lánlé wí bí a ti jáde. "A ti rí i."

Àmọ́ mo wo ọ̀nà. "Bọ́lánlé, láti ibí dé ilé wa, báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Ààbọ̀ wákàtí, ká fẹsẹ̀ rìn."

Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màámi á kàn wọ bàtà, wọ́n á bèèrè Okokomaiko, wọ́n á dé bá ẹní mi. Mo ní kò dára tó, ká lọ wo inú Ìba.

"Inú Ìba?" Bọ́lánlé dúró sójú kan. "Mùsí, ṣé orí rẹ pé? Mọ́tò wo ló ń lọ inú Ìba déédéé? Ibi tí mọ́tò ò bá sí kì í ṣe ilé àlejò o, àtìmọ́lé ni! Ìwọ tí ò ń fi ẹfun ka ọjọ́ sára ògiri nítorí ìyá rẹ!"

"Sá tẹ̀ lé mi."

A dúró de mọ́tò Ìba títí ó fi sú wa. Ilé àlejò náà ga, wọ́n kun ún ní àwọ̀ ewé, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ wà ní pálọ̀. Owó wọn kò ju ti Ìyá Ọmọ́táyọ̀ lọ, torí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Máníjà wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so táì, ní, "Mọ́tò wà, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ ni." Díẹ̀ yẹn! Mo sọ fún ara mi pé Wàhábì yóò fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo yàn án nítorí pé láti Ìba dé Tíréèdì Féà, ènìyàn kì í gba Okokomaiko kọjá.

Ní ọjọ́rú, mo gba àyè nílé ìwé, mo lọ dúró ní Ìyànà-Ìba. Mọ́tò àwọn ahunṣọ já wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé ẹrù aṣọ lọ. Bí mo ti rí Màámi, n kò mọ ìgbà tí mo sọdá títì. Mo wó lé wọn láyà. Òórùn aró àti ẹfin igi ìdáná ilé wa ló wà lára wọn. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ń pe oríkì mi, àwọn èèyàn ń wò wá.

"O ti ga jù mí lọ," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ọwọ́ mi wò. Ata ti bó o, ó pọ́n kankan. "Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Kẹ́míkà ni, Màámi. Ti yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì."

"Mojí ńkọ́?" ni Bàámi bèèrè, wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ara wọn ò yá, Bàámi."

Ara Àǹtí le koko. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ kí ẹni tó bá kọ ilé àwọn sílẹ̀ lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Bàámi mi orí. "Mojí ti di ará Èkó," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ó sì dùn wọ́n, mo rí i lójú wọn.

Wákàtí méjì la fi dúró de mọ́tò Ìba, ní ọ̀kánkán ilé Ìyá Ọmọ́táyọ̀. Ìyá náà jáde, wọ́n rí wa, wọ́n juwọ́ sí mi tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ò rí wọn. Ìgbà tí a ó fi dé ilé àlejò náà, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, mọ́tò tó gbé wa wá náà sì ni yóò kẹ́yìn jáde lọ́jọ́ náà. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé ẹni tó bá ń padà kó yára. Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Sùn tì mí, Mùsí. Alẹ́ òní nìkan."

Máníjà ní èèyàn mẹ́rin ni òun kọ sínú ìwé, òun ò gba ẹ̀karùn-ún. Bó bá tiẹ̀ gbà, bí n kò bá délé, Àǹtí yóò jáde wá mi, wọn yóò sì pàdé Bàámi. Mo ní mo ní ìdánwò láàárọ̀ ọ̀la. Mo já ọwọ́ mi gbà, mo wọ mọ́tò. Màámi dúró títí a fi yà kọ́nà. Mo sunkún dé Ìyànà-Ìba, obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí pé ta ló kú.

Ní ọjọ́bọ̀, bí a ti jáde nílé ìwé ni mo sáré lọ sí Tíréèdì Féà. Wọ́n ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, síbẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n tó rí mọ́tò tó gbé wọn jáde ní Ìba. Ibi tó dára tí wọ́n ti fẹ́ pàtẹ aṣọ Bàámi, ẹlòmíràn ti gbà á. Ẹ̀yìn ògiri kan ni wọ́n wà, níbi tí oníbàárà kì í gbà. Orúnkún Màámi ti wú, nítorí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lára ọ̀nà náà. Iná ò tàn nílé àlejò, nítorí náà Wàhábì ò rí tẹlifíṣọ̀n kankan wò.

"Àǹtí Mùsí, òkun dà?" ni Àjọkẹ́ bi mí. "Láti àná, igbó nìkan ni mo rí."

Wákàtí kan péré ni mo fi jókòó ti Màámi kí wọ́n tó ní kí àwọn máa lọ, kí mọ́tò Ìba má bàa lọ tán. Jímọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan lọ́jọ́bọ̀, wákàtí kan ní Jímọ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta! Inú ń bí mi sí ara mi débi pé n kò lè jẹ ẹ̀wà tí Màámi rà fún mi.

"N ò wá wo ọjà," ni Màámi wí lọ́jọ́ Jímọ̀ náà. "Ibi tí ò ń sùn ni mo wá wò. Ọ̀dà wo ni kì í gbẹ láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ọ̀dà òyìnbó ni, Màámi."

Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa," ni wọ́n wí.

Bàámi àti Wàhábì sùn ti aṣọ ní Tíréèdì Féà lálẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n lè tètè di ẹrù, torí mọ́tò àwọn ará Ìṣẹ́yìn yóò gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán Sátidé. Màámi àti Àjọkẹ́ nìkan ló padà sí Ìba. Èmi náà wá ronú, mo ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tèmi àti Màámi ni. Mo bẹ Àǹtí, wọ́n ní kí n máa lọ. Bí mo ti kírun àsùbáà tán, mo bọ́ sọ́nà. Orí bá mi ṣe é, mọ́tò kan ń lọ Ìba, mo sì débẹ̀ kí aago méje tó lù.

Máníjà ń gbá ẹnu ọ̀nà. "Ìyá ti lọ o," ló wí. "Ìdájí ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn jáde, àwọn àti ọmọbìnrin kékeré yẹn. Wọ́n mú àpò lẹ́tà kan dání, wọ́n ní kí n ka àdírẹ́sì ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní ilé ọmọ àwọn ni àwọn ń lọ."

Àdírẹ́sì! Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sẹ́yìn gbogbo lẹ́tà. Èmi wà nínú mọ́tò, Màámi wà lẹ́sẹ̀ títì nínú òkùnkùn, a ti kọjá lára wa. Mo sáré dé títì. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kò sí ọmọ adìyẹ. Máníjà kígbe pè mí padà.

"Ṣé o fẹ́ kí sójà kó ọ ni? O ò mọ̀ pé Sátidé ìparí oṣù la wà yìí? Sàníténṣọ̀n ni!"

Mo ti gbàgbé pátápátá. Nígbà ayé àwọn ológun yẹn, ní Sátidé tó bá parí oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì. Kóńkó jabele, kálukú ń tún àyíká tirẹ̀ ṣe. Máníjà fi àdá lé mi lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi gé koríko níwájú hòtẹ́ẹ̀lì tí èmi fúnra mi yàn, mo ń gé e, mo ń sunkún. Ojú ò tún tì mí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún, pé kí n bá Màámi nílé.

Aago mẹ́wàá lù, mọ́tò ò dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, mo sáré, mo rìn, kí bọ́ọ̀sì kan tó bá mi lọ́nà. Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù nígbà tí mo já wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹní mi wà nílẹ̀ ní títẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo ká a láàárọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni," ni ayálégbé kan wí. "Àǹtí rẹ ló sìn wọ́n lọ sí Tíréèdì Féà."

Bí mo ti rìn dé Tíréèdì Féà, n kò lè sọ. Mo bá Àǹtí lẹ́nu géètì, wọ́n dá dúró. Mo wo ẹ̀yìn wọn, mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì.

"Wọ́n ti lọ, Mùsítúrà," ni Àǹtí wí. "Dẹ́rẹ́bà ò lè dúró mọ́. Bàbá rẹ bẹ̀ ẹ́ títí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àǹtí ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé ọ̀dà ti gbẹ. Mo ní ọ̀dà wo? Èmi náà bi wọ́n pé kí ni yàrá mi ṣe fún wọn tí wọ́n fi gba hòtẹ́ẹ̀lì lọ. Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A wo ara wa, a sunkún láàárín ọjà bí ọmọdé. Mùsítúrà, kí ni mo fi ṣe ọ́ tí ò ń fi mí pamọ́?"

"Ẹ forí jì mí, Àǹtí. Màámi... kí ni Màámi sọ?"

Àǹtí nu ojú wọn. "Mo wà nídìí gọ́tà nígbà tó dé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, ìyá ọkọ mi. Yàrá Mùsí dà?' Mo mú un lọ síbi tí ẹní rẹ dúró sí lára ògiri. Mo rò pé yóò bú mi ni. Ńṣe ló tẹ́ ẹní náà, ó bi mí pé ibo ni o máa ń kọ orí sí, mo fi hàn án. Ó bá dùbúlẹ̀. Ó ní orúnkún ń dun òun, òun ò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́rú. Àwọn èèyàn ń gbálẹ̀, wọ́n ń dá a kọjá, ó sùn. Ó ti sọ fún mi kó tó sùn pé, 'Bí Mùsí bá dé, ẹ má jí mi o. Kó kàn wá dùbúlẹ̀ tì mí.' Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni mo tó jí i. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe, ó fọwọ́ wá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo ké. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ké lẹ́nu géètì yẹn títí àwọn tó ń wọlé fi dúró.

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun sùn dáadáa," ni Àǹtí wí. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì mú mi lọ sílé.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ló tún gbà kí n tó fojú kan ìyá mi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún, òtítọ́ sì bá a. Àmọ́ òtítọ́ yẹn kò pa mí lára rárá. Ìyá mi rí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sùn síbẹ̀, kò sì dín ìfẹ́ wọn kù. Irọ́ tí mo fi ń bo ìtìjú ló já ìyá mi gbà lọ́wọ́ mi, ló pín Bàámi àti àbúrò wọn níyà fún ọjọ́ mẹ́ta, ló jẹ́ kí Àjọkẹ́ padà sílé láì rí òkun. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jìnnà sílé, ẹ má kọ ilé alájà sínú lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn yín rí ibi tí ẹ ń sùn.